Ojú Ihò Àjà Kẹta

Àwọn tó bí ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ògiri lọ. Baba bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ po amọ̀, ó sì fọwọ́ mọ ilé tí òjò kò rí wó. Bàbá rẹ̀ bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì, ó di bíríkìlà tí àwọn onílé ń dúró dè. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá náà fi tọ́ ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì: bí o bá bá ihò nínú ògiri, ìbáà ṣe ẹlòmíràn ló fi í sílẹ̀, dí i kí o tó kúrò níbẹ̀. Àbùkù ìdílé wọn ni ihò.

Àkọ́bí, ọ̀gá yìí, kàwé kúrò nídìí sìmẹ́ńtì. Ó di alábòójútó iṣẹ́ ilé ńláńlá: ilé ìtajà, ilé báńkì, ilé-ìwòsàn. Ó mọ inú ilé bí abiyamọ ti mọ ohùn ẹkún ọmọ rẹ̀, ibi tí omi ń gbà gòkè, ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé, ibi tí ooru ń gbà jáde. Bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá yí ohùn padà díẹ̀, yóò dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu, yóò tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ni. Bí oníṣẹ́ bá ń ṣàṣìṣe, kì í sọ. Yóò kọjá lára rẹ̀, yóò kí i kú iṣẹ́, yóò jẹ́ kó parí tónítóní. Ìgbà náà ni yóò pe gbogbo ènìyàn jọ, tí yóò sì pàṣẹ pé, "Wó o." Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn nìyẹn: Ọ̀gá Wó-o.

Àbúrò rẹ̀ kò kúrò nínú iṣẹ́ bàbá wọn. Dígí ni wọ́n ń pè é, nítorí ògiri rẹ̀ a máa dán. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ti ń funfun, abẹ́ ọ̀gá mìíràn ló ṣì wà. Ìyá wọn lọ bẹ ẹ̀gbọ́n.

"Ọmọ mi, ọmọ ìyá rẹ mà ni. Títí dìgbà wo ni yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó lè bí lọ́mọ?"

"Mo gbọ́, Màámi. Bíríkìlà kan fi ògiri ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn sílẹ̀ lọ nílé ìtajà tuntun. Kó wá parí ẹ̀. Bó bá ṣe é re, gbogbo iṣẹ́ ògiri tó kù níbẹ̀ á di tiẹ̀, á di ọ̀gá ara ẹ̀."

Ìyá súre títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.

Lẹ́yìn ògiri náà ni ọ̀nà èéfín wà, ihò gbọọrọ tó ti ìsàlẹ̀ lọ dé òrùlé, kí èéfín lè gba ibẹ̀ jáde bí ilé bá ń jó, kí àwọn ènìyàn sì lè ríran sọ̀kalẹ̀. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, ojú ihò kan wà nínú ògiri fún un. Ó hàn nínú àwòrán ilé. Wọ́n ti fi irin yí ti àwọn àjà ìsàlẹ̀ ká, Dígí kò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ní àjà kẹta, irin kò tíì dé. Dígí kò wo àwòrán. Ó rí ihò lásán, ó rántí bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí i.

Búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ló ń tò nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá.

"Kú iṣẹ́ o, Dígí."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ojú ò ti ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí o! Ó fi ihò sílẹ̀ bí ẹnu ẹni tí eyín ti yọ."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó tún kọjá nígbà tí Dígí ń rẹ́ ògiri náà, ó tún kọjá nígbà tó ń dán an. 

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, Dígí mú ìyá wọn wá, aṣọ rẹ̀ tó dára jù ni ìyá wọ̀. Àwọn oníṣẹ́ kún orí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà jẹ́jẹ́.

"Ó dán. Wó o."

Dígí rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

"Ọ̀nà èéfín lo dí pa. Bí iná bá sọ níhìn-ín, ẹni tó bá wà lókè ti kú. Gbé òòlù."

Káfíńtà kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Dígí ti fọ́ o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọjá níbí. Ẹ kí mi. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i láti búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí mo bá sọ, wàá gbọ́, wàá sì gbàgbé. Èyí tó o bá fọwọ́ ara ẹ wó, o ò ní gbàgbé ẹ̀."

Ìyá wọn ní, "Níṣojú mi?"

"Ẹ sún sẹ́yìn, Màámi, kí eruku má kó sí yín lójú."

Dígí wó o. Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ògiri náà le. Nígbà tí ojú ihò yọ, afẹ́fẹ́ fẹ́ jáde láti inú rẹ̀, ó gbé eruku sí i ní irùngbọ̀n. Ó gbé òòlù sílẹ̀, ó di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ ògiri tó kù.

Dígí kò mọ ògiri mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé báńkì kan ló ń ṣọ́, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá wọn kú sí. Àkọ́bí kò bí ọmọ tó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ìdílé wọn parí sí.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ilé tó kọ́ pọ̀ ní ìlú, ènìyàn sì ń wọ inú wọn lójoojúmọ́ láìbèèrè ẹni tó kọ́ wọn. Omi ń dé àjà òkè pátápátá, ooru ń jáde, ọ̀nà èéfín wọn là gbọọrọ. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́ mọṣẹ́, bí wọ́n bá sì rí i lójú títì, wọn a gba ọ̀nà mìíràn. A kò tíì gbọ́ pé ọ̀kankan nínú àwọn ilé náà pa ènìyàn.