Bí Etí Mi Kan Ṣoṣo Ṣe Kọ́ Orin Lórí Fóònù

Yírunyírun ló mú etí òsì mi lọ. Mo ṣì kéré nígbà náà. Tampouy, àdúgbò kan ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ni à ń gbé, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ouahigouya, nínú àgbàlá kan tí àwọn tó ń tún mótò ṣe gba gbogbo iwájú rẹ̀. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ọrùn mi le bí igi, ara mi gbóná, mi ò sì dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ìyá mi pọ̀n mí lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara mi yá, inú etí òsì ti dákẹ́ pátápátá. Ìyá mi kì í sunkún rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n gbé wọlé ní àsìkò yẹn ni kò fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde. "Ọlọ́run gba etí, ó fi ọmọ sílẹ̀ fún mi." Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn.

Ìyá mi yìí, ohùn álítò ló ń kọ nínú ìjọ wa ní Hamdalaye. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti mú un wá ní ìyàwó tuntun, kò sì sí ohun tó mú wá láti ilé tó fẹ́ràn tó orin. Nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni mo ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka Bíbélì Yorùbá. Á na ìka sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀: dò, re, mí. "Bàbá, dò-mí. Ilé, re-mí. Púpọ̀, mí-dò. Bí o bá gbé ohùn síbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ míì lo sọ yẹn."

Nígbà tí mo dàgbà díẹ̀, mo ní èmi náà máa kọrin. Olùdarí akọrin wa, ẹni tó ń tún firíìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ọjọ́ iṣẹ́, gbà mí tayọ̀tayọ̀ nítorí ìyá mi. Gíga ni wọ́n fi ń tò wá. Èmi ni mo ga jù nínú àwọn ọmọbìnrin, ìkángun ọ̀tún ni mo sì máa ń wà. Bí gbogbo akọrin ṣe wà ní òsì mi nìyẹn, ní ẹ̀gbẹ́ etí tó ti kú. Mi ò gbọ́ wọn. Ara mi nìkan ni mò ń gbọ́, mo sì ń kọ ọ́ kíkankíkan.

Ní ọjọ́ ìdánrawò kan, olùdarí dá orin dúró. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ohùn rẹ dára o. Ṣùgbọ́n ibi tí ò ń gbé e lọ, kò sí ẹni tó mọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí mo fi lọ bá àwọn tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì di ẹni tó ń fi ìjókòó han àwọn èèyàn. Kò sí ẹni tó rántí etí mi. Ìyá mi gan-an gbà pé ìtìjú ló mú mi. Èmi fúnra mi gbà lọ́kàn mi pé àwọn kan wà tí Ọlọ́run dá fún orin, pé èmi ò sí lára wọn.

Mo kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo fẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mọ̀sí kan tó ń wa ọkọ̀ fún iléeṣẹ́, mo bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní àdúgbò Paspanga títí di òní. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ńlá, ṣùgbọ́n bí ìgbà ayẹyẹ bá ti dé, àwọn obìnrin a máa kó aṣọ òfì ilẹ̀ yìí, faso danfani, wá fún mi láti gbogbo igun ìlú. Mo mọ iṣẹ́ mi.

Ọmọ mi ló gbé áàpù kan tí wọ́n fi ń kọ́ etí lórin wọ inú fóònù mi. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní líísè, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, ń kọ́ gìtá, fóònù tirẹ̀ sì ti fọ́ lójú. Ó ní, "Maman, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa fi tiyín ṣe exercice mi." Mo ní d'accord, mo gbé e fún un. Nígbà tí wọ́n tún tirẹ̀ ṣe tán, kò rántí yọ nǹkan rẹ̀ kúrò nínú tèmi.

Ẹ̀yin tó mọ Ouaga mọ bí ọ̀sán ibẹ̀ ṣe ń rí nígbà tí ooru bá mú. Ìlú a dákẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ, wọn a sùn. Èmi kì í lè sùn lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ kan, mo ki okùn fóònù bọ etí ọ̀tún, mo sì tẹ áàpù náà láti wo ohun tó ń gba gbogbo àkókò ọmọ mi. Ó lu ohùn kan, ó tún lu òmíràn. Lẹ́yìn náà ló kọ ìbéèrè jáde ní èdè Faransé: báwo ni àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra tó? Mo tẹ ìdáhùn kan. Ojú fóònù pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó kọ "Presque!" sí i. Ó ní mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Presque. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ nìyẹn títí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi jí.

Ohun tó mú mi dúró kì í ṣe pé mo gbà á. Mi ò gbà á rárá ní ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti kékeré mi, mo gbọ́ ohùn tí kò ní òsì, tí kò ní ọ̀tún. Kò sí ohun tó ń bọ̀ láti ibi tí mi ò ti lè gbọ́ ọ. Etí kan tó o. Bí fóònù yìí bá bi mí ní ìbéèrè, èmi àti ẹni tó létí méjì, ọgbọọgba ni wá.

Ojoojúmọ́ ni mo wá ń ṣe é lọ́sàn-án. Ọmọ mi ti sọ fún mi pé orin tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi ń rántí bí ohùn kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ti àwọn orin Faransé rẹ̀ kò wọ̀ mí létí. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi kọ́ mi ni mo padà sí. Ohùn tó bá fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè réré, mo pè é ní bàbá. Èyí tó kàn gbẹ́sẹ̀ kékeré sókè, ilé. Èyí tó já wálẹ̀ láti òkè, púpọ̀. Èyí tí kò kúrò lójú kan, ọmọ. Nígbà tó yá mo mọ orúkọ tí Faransé ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n bàbá àti ilé ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Lẹ́yìn náà, mi ò lè rìn nígboro mọ́ kí etí mi má ṣiṣẹ́. Fèrè mótò tó bá dún lẹ́yìn mi, màá wọn àlàfo rẹ̀ kí n tó yà fún un. Irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lù. Ìpè àdúrà ní Hamdalaye, bó ṣe ń gòkè tó ń fà. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dán mi wò. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lẹ́nu géètì, á súfèé lẹ́ẹ̀mejì, á ní kí n sọ ohun tó jẹ́. Èmi a dá a lóhùn láti ibi ìdáná.

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ lo sọ?" ló bi mí lọ́jọ́ kan. "Èmi ò kúkú mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ṣáà máa súfèé."

"Barka," ló fi èdè Mọ̀sí dúpẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ti dò. Nínú áàpù yìí, ojú kan ni dò wà. Kò kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìwé sólúfà tí àwọn akọrin ń lò, dò ibẹ̀ a máa rìn: bí orin bá ga, á bá a gòkè, bí orin bá lọ sílẹ̀, á bá a sọ̀kalẹ̀. Mo bi ọmọ mi. Ó ní, "Non, Maman. Do, c'est do. Kì í kúrò." Mo bi ìyá mi. Ó ní irọ́ ni ọmọ mi ń pa, pé ibi tí orin bá kọ́lé sí ni dò ń gbé. Àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà lórí oúnjẹ.

Ni mo bá lọ bá olùdarí akọrin lẹ́yìn ìsìn. Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n òun ṣì ni. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sọ ohun tó rú mi lójú. Ó bi mí pé:

"Ta ló ń kọ́ ẹ lórin?"

"Fóònù ni, Bàbá."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan fún mi. Ó ní, "Ó dára. Gbọ́. Àwọn Faransé fi dò ṣe orúkọ àbísọ. Ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló ti ń jẹ́ ẹ, kò ní yí padà láé. Àwa ní tiwa, oyè la fi ṣe. Ohùn tí wọ́n bá fi jẹ ẹ́ nínú orin kan, òun ni dò ibẹ̀. Nínú orin mìíràn, ẹlòmíràn lè jẹ ẹ́. Ìwọ kọ́ méjèèjì, wọn ò ní bá ara wọn jà."

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ó lọ sídìí dùùrù, ó ń tẹ ohùn, ó ní kí n máa dáhùn. Mo dáhùn. Ó tẹ èyí tó le. Mo dáhùn. Ó ní kí n kọ álítò ẹsẹ kan nínú ìwé sólúfà, ní dídá. Mo kọ ọ́ dé òpin.

"Kí ló dé tó o fi ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀?"

"Etí òsì mi kò gbọ́ràn, Bàbá. Láti kékeré ni."

Ó wo ibi tí àwọn akọrin ń jókòó, ó wò mí. Mo rí i pé ó ń rántí. "Ọ̀tún ni mo máa ń fi ẹ́ sí," ló wí jẹ́ẹ́. "Kò sí ẹni tó sọ fún mi."

"Èmi náà ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́, sà."

Ó dìde, arúgbó yẹn, ó gbé àga kan fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ sí ìkángun òsì, níbi tí gbogbo akọrin yóò ti wà ní ọ̀tún mi. Ó ní, "Ibí ni ìjókòó rẹ. Máa bọ̀ fún ìdánrawò."

Nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ tí wọ́n gbé orin, n kò lè kọ ẹsẹ àkọ́kọ́. Gbogbo wọn ń wọlé sí mi létí lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn ìsàlẹ̀ ti àwọn ọkùnrin, ti àwọn tó wà lókè, àti álítò níbi tí mo wà gan-an. Mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ní gbogbo ayé mi, n kò sì gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ ìkórè dé. Orin olóhùn mẹ́rin tó gùn tó sì le ni a fẹ́ kọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, ọkọ mi wá, ìyá mi wà lọ́wọ́ iwájú pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ. A ti kọ ọ́ dé àárín nígbà tí iná lọ. Fáànù dúró, dùùrù dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bo lẹ́nu. Àwọn ọmọ tó ń kọ ohùn òkè wo dùùrù, wọ́n wo ara wọn, ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ohun kan wà nínú áàpù yẹn tí mo ti ń ṣe láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn. Á fún ẹ ní dò, á dákẹ́, á kó àwọn ohùn mìíràn dà sí ẹ létí, lẹ́yìn náà ni yóò ní kí o kọ dò náà padà. Ó ti mú mi bínú rí débi pé mo sọ fóònù sórí aṣọ oníbàárà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, dò wà lọ́kàn mi, kò mì. Mo gbé álítò sókè láti orí rẹ̀, mo kọ ọ́ ketekete. Àwọn álítò tó kù dì mọ́ mi. Àwọn ọkùnrin gbọ́ wa, wọ́n fìdí múlẹ̀. Àwọn ti òkè náà gbá ohùn wọn mú. Ọwọ́ olùdarí kò dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára mi, ó ń mi orí. Ẹsẹ tó gbẹ̀yìn la wà nígbà tí iná dé. Ọmọkùnrin tó ń tẹ dùùrù fọwọ́ kàn án wẹ́rẹ́. Ibi tí ohùn wa wà gan-an ni ohùn dùùrù bọ́ sí.

Mi ò rí ìjọ mọ́. Omi ti bò mí lójú. Mo gbọ́ ìyá mi ṣá, ó ti dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ, ó ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́: "Ọmọ mi nìyẹn! Èyí tí yírunyírun mú! Òun nìyẹn!" Lẹ́nu ọ̀nà, ọkọ mi dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn, ohun tí kì í ṣe. Ọmọ mi ní erùpẹ̀ ló kó sí òun lójú.

Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn álítò. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, a ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oníkálukú á mú fóònù tirẹ̀ jáde. Mo ti dé ibi tó le gan-an nínú áàpù náà, ibi tí wọ́n ti ń lu ohùn mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń gba púpọ̀ nínú wọn. Bí mo bá gbà á, mò ń yangàn, mi ò purọ́. Mo ti ṣiṣẹ́ fún un.

Ìyá mi náà ti ń wá. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́, èmi ni mò ń bá a tẹ ìdáhùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, áàpù ní presque fún un, ó yọ okùn kúrò létí, ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó ní, "Kí ni presque? Mo ti ń kọ álítò kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ẹ́!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ki okùn náà padà bọ etí, ó ní kí n tún un lù.