Àkọlé Àwòrán Màmá

Òórùn ọ̀dà máa ń rán mi létí ọ̀sán tí wọ́n pàtẹ àwòrán wa sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní Zaria. Mo ya ìyá mi nídìí maṣíìnì ìránṣọ. Hausa yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Mo ṣi àkọlé rẹ̀ kọ: ÌYÀ MI.

Màmá kà á, ojú wọn yí padà.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Kí ni, Mà? Ẹ̀yin ni mo yà.”

“Ìyà lo kọ, kì í ṣe ìyá.”

Àwọn ẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín: “Kai, Bahaushiya! Ọmọ Hausa!”

Mo mú rọ́bà láti pa á rẹ́. Èmi kò tíì mọ̀ pé Bàbá ti fẹ́ ìyàwó mìíràn ní Kaduna.

Màmá di ọwọ́ mi mú.

“Fi í sílẹ̀. Ó jọ mí.”