Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Fi Táyà Sẹ́ Omi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni. Onímọ̀ tó ń yọ májèlé kúrò nínú omi ẹlòmíì, èéfín ibi iṣẹ́ tirẹ̀ ló gbé e lọ. Èmi àbúrò rẹ̀, òǹkọ̀wé tí ẹ mọ̀, tí kò sí ohun tí n kì í fi gègé bá jà, mi ò rí nǹkan ṣe ju kí n máa tún ìrọ̀rí rẹ̀ tò, mo sì ń tò ó sódì.

Táyà àlòkù ló fi ń ṣiṣẹ́. Á gé e wẹ́wẹ́, á sun ún nínú ìkòkò irin tí a dé pa títí yóò fi di èédú, á wá fi ooru omi gbígbóná dá ihò tín-ín-tìn-tín sí i lára. Bí omi kànga tó ń rùn bí epo mọ́tò bá gba inú èédú yẹn kọjá, àwọn ihò náà á di epo mú, omi á mọ́ gaara.

Èmi náà bá a ṣiṣẹ́ rí. Ó ní kí n fi mọ́tò mi kó táyà wá. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ, dúdú ni mo wọ̀ bọ̀, ọlọ́gbọ́n èèyàn. Nígbà tó bu ife omi àkọ́kọ́, èmi ló nà án sí. Mo ní inú ń run mí. Ó gbé e mu tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Òǹkọ̀wé, ṣé inú náà ti dákẹ́?"

Ṣùgbọ́n fáànù tó yẹ kó máa fa èéfín jáde nínú yàrá tó ti ń sun táyà ti bàjẹ́ tipẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí wọn. Wọ́n ní kó mú sùúrù. Ó tún lọ, wọ́n tún ní kó mú sùúrù. Ó ń wúkọ́ lọ, ó ń wúkọ́ bọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù tuntun sí yàrá ìpàdé wọn. Ṣé kí àwọn tó ń ní kí èèyàn mú sùúrù má baà làágùn ni?

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ó rọra sọ fún mi pé, "Omi ni mo mọ̀ ọ́n sẹ́, àbúrò mi. Ti ẹ̀dọ̀fóró, mi ò rí i ṣe." Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá kan dá a lóhùn. Ikun imú ni mo rí fun.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà ní ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀mí rẹ̀ sin ìmọ̀. Ta ló ní kó fi ẹ̀mí sìn ín? Fáànù ni obìnrin náà ń béèrè. Mo dìde láti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n, mo jókòó padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí orúnkún mi.

Lánàá, ẹlòmíì ti wà nínú yàrá yẹn, ó ń sun táyà, fáànù náà kò sì yí. Ẹ̀yin aláṣẹ ilé ìwádìí, ẹ ti yàrá náà pa títí ẹ ó fi tún fáànù náà ṣe. Kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó kọ̀ láti tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Kí ẹni náà wá síwájú wọn, kó wò wọ́n lójú, kó ní kí wọ́n mú sùúrù.