Ṣájà Ọkùnrin Kan Tí Mo Gbé Lọ sí Èmùré

Wọn kò tíì kírun àárọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà tí mo jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, tí mo sì gbé ṣájà ọkùnrin kan sínú àpò. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ mi. N kò tilẹ̀ rí i rí. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, ẹnu ìyàwó mi ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Ìyàwó mi, Ìyá Dára, ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Èmùré. Ọjọ́ Ajé ló máa ń lọ, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń bọ̀, nítorí bí ó bá ní kí òun máa lọ máa bọ̀ lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ ni yóò jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Ó gba yàrá kan síbẹ̀. Èmi ń ta ọ̀dà ilé ní Ìkẹ́rẹ́, èmi àti Dára ọmọ wa obìnrin la sì jọ ń gbélé láàárín ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, ó dé pẹ̀lú ṣájà dúdú kan tó tóbi bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká ni. Ó ki ẹnu wáyà rẹ̀ bọ fóònù rẹ̀, fóònù náà sì kún kí a tó jẹun alẹ́ tán. Mo bi í pé ṣájà tí mo rà fún un ńkọ́. Ó ní ó ti bàjẹ́. Mo ní ta ló wá ni èyí. Ó ní ti Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ ni, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó pe orúkọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń dárúkọ aládùúgbò tó ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Mo ní ṣájà kọ̀ǹpútà yóò ba fóònù jẹ́, pé iná tó ń jáde lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ní rárá, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ ti ṣàlàyé fún òun pé kò séwu níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ara mi kò ti lélẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti wo fóònù tó sì rẹ́rìn-ín, èmi náà á na ọrùn. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ sọ báyìí, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ sọ tọ̀hún. Láti ọdún tí a ti fẹ́ra, n kò rí i kó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tó ń lọ lọ́jọ́ Ajé, ó gbàgbé ṣájà náà sára ògiri. Mo rí i kó tó dé ẹnu géètì. N kò pè é padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo mọ̀ pé ohun tí ì bá fi gba iná sí i wà lọ́wọ́ mi nílé, síbẹ̀ ohun tí mo ń rò ni pé ó ti yá òmíràn, pé inú yàrá ta ni fóònù náà wà tí kò fi lè gbé e. Bí mo ṣe pinnu láti lọ fi ojú ara mi rí i nìyẹn.

Ní gáréèjì, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìsẹ̀, níbi tí n óò ti wọ ọ̀kadà lọ sí Èmùré, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe èrò ni. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni wọ́n ń gbà. Mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, a sì dúró títí ojú fi là díẹ̀, tí Olósùnta, àpáta ńlá ìlú wa, yọ dúdú gàgàrà lókè ilé bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà. Láti Ìkẹ́rẹ́, ọ̀nà náà kọ́kọ́ dára. Nígbà tó yá, kòtò bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà sì ń pa ọ̀nà tì, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ igbó. Oko kòkó ló pọ̀ jù lọ́tùn-ún lósì, ìrì ṣì wà lára ewé wọn. A kọjá ibi tí àwọn obìnrin to iṣu sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wa wò wọ́n, ó ní uṣu ọdún yìí tóbi o.

Mo rí i pé dírẹ́bà ki wáyà fóònù rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n fi ń tanná sí sìgá nínú ọkọ̀, tí ó fi aṣọ wé wáyà rẹ̀ níbi tó ti já. Mo bi í bóyá èèyàn lè fi ṣájà kọ̀ǹpútà gba iná sí fóònù. Ó ní èyí tó bá ti wọlé lòun ń lò, ṣùgbọ́n pé fóònù tí òun ní tẹ́lẹ̀, ṣájà tí òun yá lọ́wọ́ èrò kan ló pa á. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn ju bó ti yẹ lọ. Mo ní kó tún un sọ. Mo ń to bí n óò ṣe rò ó fún Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ lójú ìyàwó mi.

Ní Ìsẹ̀, mo jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Àkàrà wọn kéré sí tiwa, ata inú rẹ̀ sì ju tiwa lọ. Obìnrin tó tà á fún mi ń pe ilé ní ulé bí àwa náà ṣe ń pè é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gòkè níbi tí ohùn ará Ìkẹ́rẹ́ ti ń sọ̀kalẹ̀, débi pé mo ní láti ní kó tún iye owó náà pè. Láti ibẹ̀ mo gun ọ̀kadà lọ sí Èmùré. Ọ̀nà náà kò jìn rárá, ó sì dùn mí pé kò jìn, nítorí mo ń ronú pé irú ìrìn kékeré yìí ni n kò rìn rí láti ìgbà tó ti gba yàrá sí ìlú náà.

Mo béèrè ilé tí ìyàwó mi ń gbé títí mo fi débẹ̀; àlùfáà kọ́ ló ni ín gẹ́gẹ́ bí mo ti rò. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Alájà ló ni ín, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà tútù níwájú ilé. Mo sọ fún un pé èmi ni ọkọ Ìyá Dára. Ó kí mi dáadáa, ó gbé àga fún mi, ó sì ní, "Ṣé ti iná yẹn lo bá wá?"

Mo ní iná wo. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn ń kírun ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi fi fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa gba iná, ó sì sùn lọ díẹ̀. Ṣájà náà ló gbiná. Ó jó bẹ́ẹ̀dì, ó sì mú kọ́tìnì. Olùkọ́ tó ń gbé yàrá iwájú ló gbọ́ igbe rẹ̀, tó sáré pa iná láti ibi mítà, tó wọ́ bẹ́ẹ̀dì náà jáde, tó sì da iyanrìn lé e. Mo bi í pé kí ni orúkọ olùkọ́ náà. Ó ní Kọ́lápọ̀.

Mo ní, "Ṣé ó wọ inú yàrá rẹ̀ ni?"

Alájà ṣí ìdérí ìrẹsì rẹ̀, ó tún un dé. Ó ní, "Báwo ni ì bá ṣe gbé bẹ́ẹ̀dì jáde bí kò bá wọlé?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìdí tí ìyàwó mi kò fi sọ ọ́ fún mi kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Àkókò ìsinmi ni mo bá wọn. Àwọn olùkọ́ mélòó kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó mi sì wà láàárín wọn. Ọkùnrin tó jókòó tì í ga, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Mo ti mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Nígbà tí ìyàwó mi rí mi, ó dìde, ó ní ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Dára. Mo ní Dára wà dáadáa, pé ṣájà tó gbàgbé ni mo mú wá. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ dìde, ó tẹríba, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ì bá dára fún mi bí ó bá yájú sí mi.

Mo na ṣájà náà sí i, mo sì ro ọ̀rọ̀ dírẹ́bà yẹn bí mo ti tò ó. Kò jiyàn. Ó ní òótọ́ ni, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóònù ló ń sọ iye iná tó fẹ́ gbà. Ṣájà tó dáa á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó fún un."

Ó fi ìka han àwọn nọ́ńbà tín-ín-rín tó wà lára ṣájà náà, ó ní ti ìsinsìnyí ni, pé ó lè fún fóònù ní díẹ̀ kó sì fún kọ̀ǹpútà ní púpọ̀. Ó ní àwọn ṣájà kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹnu wọn rí roboto kò rí bẹ́ẹ̀, iye kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, kí èèyàn má sì dán an wò pé òun fẹ́ wá ohun tí yóò so wọ́n mọ́ fóònù. Bí a bá fi ṣájà fóònù kékeré sára kọ̀ǹpútà, ó lè pẹ́ kó tó kún tàbí kó má gba iná rárá. Ó ní ohun tó ń pani ni ayédèrú, èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́, tó ń gbóná, tí wọ́n kò fi ohun tó yẹ sínú rẹ̀ láti ya iná ògiri sọ́tọ̀ kúrò lára fóònù. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tó ti já, àti gbígba iná sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó wọ ọ́fíìsì àwọn olùkọ́, ó mú ohun kan jáde láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó ní òun tọ́jú rẹ̀ láti fi kọ́ àwọn ọmọ ni. Ṣájà funfun ni tẹ́lẹ̀. Ó ti dúdú, apá kan rẹ̀ sì ti yọ́ bí àbẹ́là. Èmi ni mo rà á, lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n óò parọ́ bí mo bá ní ojú nìkan ló tì mí. Inú bí mi pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ohun tí mo rà fún ìyàwó mi wà.

Ìyàwó mi fà mí lọ sí ẹ̀yìn kíláàsì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, mo sì rí ojú iná tó gùn láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbúnwọ́, tí awọ ibẹ̀ ṣì pupa. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà nílé lọ́dọ̀ mi nínú aṣọ alápá gígùn.

Ó ní, "Bàbá Dára, bí mo bá sọ fún yín, ẹ máa kọ́kọ́ bi mí pé ta ló gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, kí ẹ tó bi mí bóyá mo jóná."

Mo ti bi Alájà ní ìbéèrè yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò sì bi í ní èkejì. Ìyàwó mi ní láti ọjọ́ iná náà ni ẹ̀rù ṣájà ti ń ba òun, pé nígbà tí òun kò rí ti Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ lánàá, òun kò yá ti ẹlòmíràn, òun jẹ́ kí fóònù kú.

Ìgbà náà ni mo rántí pé méjì ni mo rà lọ́jọ́ tí mo ra ti ìyàwó mi. Ọwọ́ Dára ni èkejì wà. Ó máa ń fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó máa gba iná bó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ọ̀kadà kò sí nítòsí. Kí n tó ṣàlàyé rẹ̀ tán fún wọn, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ ti ń ti alùpùpù tirẹ̀ jáde. Bí mo ṣe gun ẹ̀yìn ọkùnrin náà dé Ìsẹ̀ nìyẹn. Ó ń sáré, mo sì ní láti di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ń fẹ́ sí mi nímú, mo sì ń rò ó pé ìyàwó mi náà mọ òórùn yìí. Nígbà tí a dé gáréèjì, òun ló bá mi pe dírẹ́bà tó fẹ́ gbéra. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n sáré.

N kò rántí ohunkóhun nípa ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ lásìkò ìpadàbọ̀ yẹn, àyàfi pé ó gùn ju ti àárọ̀ lọ. Nígbà tí mo wọ àdúgbò wa, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìlọta, mo sì mọ̀ pé iná wà. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ṣájà náà wà lára ògiri, wáyà rẹ̀ nà dé orí bẹ́ẹ̀dì Dára, fóònù sì wà láàárín aṣọ ìbora. Mo pa suwíìṣì kí n tó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná débi tí n kò lè dì í mú, ọ̀dà ògiri ibẹ̀ sì ti pọ́n. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo sì fi òkúta fọ́ ọ.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì náà. Mo ti lọ sí Èmùré láti lọ wá ohun tí ọkùnrin kan ń mú kúrò nínú ilé mi, ohun tó fẹ́ jó ilé náà sì ni èmi fúnra mi rà wá síbẹ̀. Ìyẹn ni ìrìn náà kọ́ mi. Kò mú owú kúrò lára mi o. Bí mo ṣe jókòó yẹn, mo ṣì ń rí ṣẹ́ẹ̀tì dídán yẹn lójú mi.

Fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni, iná ti wọ fóònù rẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn olùkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń bi í bóyá mo ti délé. Ó ní ṣé mo ti yọ ọ́. Mo ní mo ti yọ ọ́, pé kò jó nǹkan kan. Ó mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin náà wà lẹ́nu mi.

Mo ní, "Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Ó ní bí òun bá nà án, ó ń dun òun. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí iná náà ṣe jẹ́ fún mi.