Ọjọ́ Tí Àbàjà Mummy Pòórá Nínú Fótò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gbọ́ bí fóònù ọmọbìnrin mi ṣe ń ró ká, ká, ká nínú yàrá. Ó ń ya ara rẹ̀ ní fótò. Nígbà tí mo yọjú sí i, ó ti ń fi ìka yí àwọ̀ ojú ara rẹ̀ padà: ó pọ́n, ó funfun, ó tún dúdú, kí n tó ṣẹ́jú. "Mummy, èwo ló dáa jù?" Ọkàn mi ti lọ sí Kétu ìgbà èwe mi, nígbà tí fótò yíyà ṣì jẹ́ ohun tí èèyàn ń wọ aṣọ ọdún lọ ṣe.

Yàrá méjì la gbà nínú ilé kan lọ́nà Ìkòsí. Káfíńtà ni Daddy. Mummy tèmi ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú ilé, níbi tí dígí ńlá kan ti gba gbogbo ara ògiri. Ẹ̀yìn oníbàárà ló máa ń dúró sí, tó bá gbójú sókè báyìí, ojú ara rẹ̀ ló máa rí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mummy. Àbàjà mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mẹ́ta ní tòsì. Lójú tèmi, ibi tí imú máa ń wà ni imú wà, ibi tí ìlà máa ń wà ni ìlà wà. Àfi ọjọ́ tí ọmọ oníbàárà kan nàka sínú dígí pé, "Mummy, kí ló ya Aunty yẹn lójú?" Ìyá ọmọ náà gbá a lẹ́nu. Mummy rẹ́rìn-ín, ó ń dirun rẹ̀ lọ.

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, a lọ ya fótò lọ́dọ̀ Uncle Fótò, aládùúgbò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Kò sí oníbàárà tí kì í jókòó tì í láti yan àwọ̀ tó bá wù ú, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ àwọn àwọ̀ náà lórúkọ. Èyí tó pọ́n bí ilẹ̀ ń jẹ́ Ayé Àtijọ́. Èyí tó ń mú ara dán tó sì ń mú un mọ́lẹ̀ ń jẹ́ Ọmọ Òyìnbó. Daddy fẹ́ Ayé Àtijọ́. Mummy mú Ọmọ Òyìnbó. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè bá mi yọ ìlà yìí?"

Daddy wo ilẹ̀. Uncle Fótò bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mummy lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni ń nu tábìlì, títí gbogbo rẹ̀ fi lọ.

"Háà," ni Mummy wí. "Èmi rèé?" Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Daddy fi ẹ̀dà kan rán ẹni tó ń lọ sí Ìsẹ́yìn sí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Mummy. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ìyá Àgbà yọ sí wa lójijì, pẹ̀lú ẹrù lórí. Daddy dọ̀bálẹ̀, ìyá sì bi í pé,

"Ọmọ mi dà?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, Mà."

"Èyí tó jókòó tì ọ́ nínú fótò ńkọ́? Ìgbà wo lo gbé e wọlé? Mo ní kí wọ́n pe fóònù ọmọ mi, kò lọ. Ṣé ó ti kú ni ẹ ò sọ fún mi?"

Fóònù Mummy ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó sáré wọlé tòun ti ìyarí lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì kan ìlà ojú rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Àwọn ará ilé tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín pa á mọ́ra.

Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣé ìyà ni mo fi jẹ ọ́?"

"Rárá, Ìyá mi. Mo kàn fẹ́ mọ bí ojú mi ì bá ṣe rí ni."

Ìyá Àgbà ní, "Láyé tiwa, ọmọ tí kò kọlà, wọ́n á máa bi í pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni ọ́ nígbà tí a kọ ọ́ nílà. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó bi ọ́ bóyá o fẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó kó gbogbo wa lọ sọ́dọ̀ Uncle Fótò pé kó dá ìlà ọmọ òun padà. Ọkùnrin náà ń làágùn. Ó ní fótò tòótọ́ ti parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí òun nu ló kù, àmọ́ òun lè ya ìlà náà sí i.

"Ìwọ yìí? Olóolà ni ọ́ ni?" ni Ìyá Àgbà wí.

Ló bá di pé ká ya òmíràn, Ìyá Àgbà láàárín. Uncle Fótò béèrè àwọ̀ tí a fẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Bí Ọlọ́run ṣe dá wa ni kó o fi wá sílẹ̀."

"Ọlọ́run kọ́ ló kọ èyí o," Mummy fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ̀yin ni."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ẹ̀rín náà ló sì wà lẹ́nu wa nínú fótò náà. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ń padà lọ, ó mú un dání. Nígbà tí a fẹ́ gba fótò àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ̀.

Kò sí ṣọ́ọ̀bù Uncle Fótò mọ́, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo àdúgbò máa ń mọ̀ nígbà náà, àtẹ́lẹwọ́ lèèyàn ti ń ṣe é báyìí, láìsí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n pé kí ènìyàn fẹ́ wo ojú tí kò ní, n kò rò pé ìyẹn yí padà. Nígbà tí Ìyá Àgbà kú, a bá fótò méjèèjì lára ògiri rẹ̀, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Aládùúgbò rẹ̀ sọ fún wa pé bí àlejò bá béèrè ẹni tí obìnrin onílà àti èyí tí kò nílà jẹ́, èsì kan náà ni Ìyá Àgbà máa ń fún un: "Ẹnì kan náà ni wọ́n. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, bí òun náà ṣe fẹ́ ara rẹ̀ nìyí."