Àárọ̀ Sátidé tí Olúrántí Sùn

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Kọ́láwọlé Akíntóyè sí Ìta-Ògbólú, Olúrántí ìyàwó rẹ̀ padà sí ilé wọn ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, ó wẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó rò pé ti ọjọ́ kan ni. Ọdún méjì kọjá, kò sí òru kan tó sun oorun wákàtí mẹ́rin. Ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ fífọ̀ ló ń kó síbẹ̀, kí ó má baà rí i pé ó ṣófo. Wọn kò bímọ. Òun nìkan ló kù nínú ilé.

Nọ́ọ̀sì ni Olúrántí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan. Ọmọ bíbí Oǹdó ni, níbẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti Monílọ́lá àbúrò rẹ̀ obìnrin sì ń gbé.

Ní ọdún 2010, wọ́n gbé ará Ṣáínà kan wá sí wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ibà ló dá a wó. Ọ̀gbẹ́ni Lí ni wọ́n ń pè é, ara àwọn tó ń ṣe títì ni. Ní ọjọ́ kẹta tí ibà náà rọlẹ̀, Olúrántí wọlé láàárọ̀ kùtù, ó bá a lẹ́bàá fèrèsé, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó ti sùn lọ kúrò lórí ẹní, ó ń sọ wọ́n kalẹ̀, ó sì ń mí.

"Ọ̀gá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Ṣíìgọ́ǹgì."

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara, ṣùgbọ́n Olúrántí gbọ́ ọ yé. Eré ìdárayá tí ìyá ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ni. Èémí àti ara á jọ máa rìn pọ̀, ọkàn á sì balẹ̀.

Kí ó tó lọ sílé, ó ti kọ́ Olúrántí ní ọ̀nà mẹ́jọ tí wọ́n ń gbà ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un láyè láti máa lọ, ó na ìka sí i. "Oorun ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Tí o kò bá sùn, má ṣe é. Lọ sùn."

Olúrántí ní òun gbọ́. Nínú ara rẹ̀, ó ní, bí mo bá rí oorun sùn ni, kí ni mo fẹ́ fi eré ṣe?

Eré náà sì ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ṣe é, lẹ́bàá kànga, ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Fún ìdajì wákàtí yẹn, àyà rẹ̀ kì í lù kìkì. Ìdajì wákàtí di wákàtí kan, wákàtí kan di méjì. Nígbà tó yá, oorun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ padà wá, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló sì máa ń dé. Olúrántí á lé e dànù, á dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Bí ó bá ṣiṣẹ́ alẹ́, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré lọ sùn, òun á dúró lẹ́bàá kànga tòun ti yunifọ́ọ̀mù lọ́rùn. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìlera lòun ń wá. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Gbogbo Sátidé ló ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Odòjọ̀mu. Ó kọ́ ìyá náà ní èyí tí wọ́n lè ṣe lórí ìjókòó, nítorí orúnkún wọn. Ìyá á gbé ọwọ́ sókè, á máa rẹ́rìn-ín.

"Olúrántí, irú ijó wo rèé, tí kò sí orin, tí kò sí agogo?"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ìyá tẹjú mọ́ ọn. "Ojú rẹ ti wọnú. Ṣé o ń sùn?"

"Mò ń sùn, Màmá."

"Irọ́ ni. Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà, ṣé mi ò ní mọ̀gbà tí o sùn àtìgbà tí o ò sùn?"

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, Olúrántí fa abẹ́rẹ́ aláìsàn kan, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn. Ó ti ká aṣọ apá onítọ̀hún sókè kí Ìyáàfin Adépọ̀jù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n Olúrántí jókòó sílẹ̀.

"Olúrántí," ni Ìyáàfin Adépọ̀jù wí jẹ́jẹ́, "èmi ò ní fẹjọ́ rẹ sùn. Ṣùgbọ́n lọ́la, tí o bá délé, jọ̀ọ́, sùn. Pa fóònù, ti ìlẹ̀kùn, kí o sùn."

Ọjọ́ Ẹtì lọjọ́ yẹn. Olúrántí pe Monílọ́lá, ó ní ìrọ̀lẹ́ lòun máa wá lọ́la. Ara Màmá ńkọ́? Monílọ́lá ní ara wọn le, wọ́n ń jẹ̀kọ. Ní Sátidé, ó délé láago méje àárọ̀. Kò lọ sẹ́yìnkùlé. Ó kó aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó pa fóònù, ó dùbúlẹ̀ sáàárín gbùngbùn.

Ó sùn. Oorun tí kò sùn rí láti ọdún márùn-ún ni. Nígbà tó jí, aago méjì ti kọjá, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ó dín dòdò, ó jẹun tán, lẹ́yìn náà ló tan fóònù.

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé Monílọ́lá ti pè é nígbà mọ́kànlá.

Nígbà tó pè padà, aládùúgbò kan ló gbé e. "Ìyá Àkúrẹ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ má sáré o. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Màmá. Àyà ló kọ́kọ́ ń dùn wọ́n láago mẹ́wàá àárọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti parí. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, pé bí nọ́ọ̀sì mẹ́wàá bá dúró yí wọn ká, bákan náà ni ìbá rí. Olúrántí mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni. Òótọ́ náà kò ṣe é láǹfààní kankan.

Lójú gbogbo èèyàn ni Monílọ́lá ti dojú kọ ọ́. "Màmá ń pè ọ́! Màmá ń pe orúkọ rẹ, ìwọ ń sùn!"



Wọ́n sin ìyá. Olúrántí kò ṣe eré náà mọ́, kò sì rí oorun sùn. Ó ṣì ń lọ sí Oǹdó ní Sátidé, Monílọ́lá á gbóúnjẹ fún un, kò ní bá a sọ̀rọ̀. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún kejì, wọ́n jọ ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Monílọ́lá kò gbójú sókè.

"Nígbà tí fóònù rẹ ò lọ, mo sọ fún Màmá. Wọ́n ní, 'Fi í sílẹ̀. Bóyá ó ń sùn.' Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, 'Ó mà dáa o, tó bá ń sùn.' Wọn ò pè ọ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn." Ó ń fi kànrìnkàn nu abọ́ kan tó ti mọ́ tipẹ́. "Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ sọ fún ọ ni. Mo fẹ́ kó dùn ọ́."

Olúrántí jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ. Ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú ló wá sun níbẹ̀. Monílọ́lá wá jókòó tì í. Kò fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ ọ̀sán nìkan ni Olúrántí ń ṣe báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣe eré rẹ̀, fún ìṣẹ́jú ogún, ọjọ́ tó bá sì sùn dáadáa nìkan ni. Oorun ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá sùn tó dùn, tó sì jí tí oòrùn ti yọ, àyà rẹ̀ á já, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní lè dìde fún ìgbà pípẹ́.