Keziah Onílé Èrò àti Àgbò Amos

Keziah Gaskarth ta bíà fún ogójì ọdún ó lé, kò sì fi kan ètè rí. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni. Láti kékeré ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ìjọ pé òun ò ní mutí, kò sì yẹ̀ ẹ́. Àmọ́ inú ilé èrò ni wọ́n bí i sí, nígbà tí baba rẹ̀ sì kú, kò sí ẹlòmíràn tó máa gba kọ́kọ́rọ́. Míníísítà ìjọ tuntun kan wá bi í léèrè pé báwo ni onígbàgbọ́ ṣe ń ta ọtí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Jésù ló sọ omi di wáìnì. Èmi kàn ń bù ú sí ife ni." Míníísítà mu tíì rẹ̀ tán, kò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Àgbò Méjì ni orúkọ ilé èrò náà. Ó wà níbi tí adágún Skelmere ti pin, tí òkè sì bẹ̀rẹ̀. Kí mọ́tò tó dé, ibẹ̀ ni àwọn tó ń fi ẹṣin ru irun àgùntàn kọjá òkè ti ń sùn. Kí a tó ní ilẹ̀ ìsìnkú tiwa, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbé òkú lọ sí ìhà kejì òkè ti ń sọ pósí kalẹ̀, kí wọ́n lè fi nǹkan tútù sí ọ̀nà ọ̀fun. Òkúta pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbé pósí lé ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Keziah máa ń sá ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ sórí rẹ̀. Lanty ni ọkọ yìí ń jẹ́. Ó ní òun kàn yà mu bíà kan ní ọjọ́ Sátidé kan ni, òun ò sì tíì rí àyè lọ sílé.

Ilé tó tẹ̀ lé tiwọn ni mò ń gbé. Èmi àti Keziah jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí èrò bá sì pọ̀, èmi ni mò ń bá a bó ànàmọ́.

Lọ́dọọdún, bí oṣù kọkànlá bá dé, gbogbo darandaran àfonífojì wa máa ń pàdé ní Àgbò Méjì. Àgùntàn ò mọ ààlà. Èyí tó bá ṣáko lọ sínú agbo ẹlòmíràn, onítọ̀hún á tọ́jú rẹ̀ láìgba pẹ́nì kan, á sì mú un wá lọ́jọ́ ìpàdé. Wọ́n á wo àmì tó wà ní etí rẹ̀, ẹni tó ni ín á ní "Tèmi ni," ó parí. Níbí, èèyàn lè mutí yó, ó lè sùn nígbà ìwàásù kó tún hanrun, a ó dárí jì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa àgùntàn aṣáko jẹ, ọmọ ọmọ rẹ̀ á ṣì máa gbọ́ ọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìpàdé náà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Keziah. Wọ́n ti kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan sí apá ìsàlẹ̀ adágún, tòun ti iná mànàmáná àti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Amos Mounsey, ẹni tí agbo rẹ̀ pọ̀ jù, ló ń polongo pé ká kó ìpàdé lọ síbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ dìbò sí i lẹ́yìn oúnjẹ. Àwọn tó ń pọn bíà ló ni ilé Àgbò Méjì. Wọ́n ti sọ fún Keziah pé ilé tí kò bá ti lérò nígbà òtútù, títì làwọn máa tì í. Bí ìpàdé bá lọ, òrùlé orí wọn náà lọ nìyẹn.

"Mi ò ní iná mànàmáná," Keziah wí fún mi. "Ìkòkò ni mo ní."

Ìkòkò náà kì í ṣe kékeré. Ẹran àgùntàn, ànàmọ́, àlùbọ́sà àti sọ́séèjì ẹ̀jẹ̀ ni, wọ́n á wà nínú ààrò láti ìdájí. Láti ìgbà ogun ni ìjọba ti ń wọn ẹran fún wa bí ẹni ń wọn oògùn, tó fi jẹ́ pé ohun tí Keziah ń sè kò ju ànàmọ́ tó gbọ́ ìròyìn ẹran lọ. Ọdún yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀wọ́ ẹran fún wa. Lanty lọ sí pápá ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àgùntàn tiwọn àti àwọn aṣáko ti jọ ń jẹko de ìpàdé, ó mú àgbò tó sanra kan, ó pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, mò ń bó ànàmọ́ tó kù lọ́wọ́ nígbà tí Keziah pè mí.

"Esther, wá wo nǹkan."

Ó gbé orí àgbò náà dání, èyí tó fẹ́ fi se omi ọbẹ̀.

"Etí wo làwa máa ń gé ṣóńṣó rẹ̀?"

"Òsì."

"Amos ńkọ́?"

"Ọ̀tún."

Ó yí orí náà sí mi. Etí òsì pé pérépéré. Ṣóńṣó etí ọ̀tún ni kò sí.

A pe Lanty. Ó gbé orí náà síwájú ara rẹ̀, ó nàka sí etí tí wọ́n gé. "Òsì nìyí."

"Òsì tìrẹ ni," Keziah wí. "Ọ̀tún àgbò ni."

Lanty yí orí náà wò. "Iwájú ni mo ti mú un," ó wí. "Ó kọjú sí mi, èmi náà kọjú sí i. Òjò sì ti fọ ọ̀dà tí wọ́n fi sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀ dànù."

"O mọ ẹni tó ni ín?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Jẹ́ n lọ sọ orí yìí sínú adágún. Ẹran ti wà nínú ìkòkò, ìkòkò ò sì ní etí tí wọ́n máa yẹ̀ wò."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run kì í dìbò ní ìpàdé yìí."

Keziah dúró, ó gbé ọwọ́ lé ọmọrí ìkòkò, ó di ojú. Mo mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Kí n má purọ́, bó bá jẹ́ pé àdúrà adágún ló gbà, mo ti ní àmín lẹ́nu. Ó la ojú. "Bá mi mú àwo fífẹ̀ yẹn wá," ó ní.

Ní àgbàlá, wọ́n ti pín àwọn aṣáko tán, àgbò Amos kan ṣoṣo ló kù tí wọn ò rí. Isaac Dargue, àgbà wọn, ló ń darí ìpàdé. Ó ti béèrè lẹ́ẹ̀kan pé ta ló tún rí àgùntàn tí kì í ṣe tiẹ̀. Bó ṣe fẹ́ béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni Keziah jáde pẹ̀lú orí nínú àwo. Ọmọbìnrin Hẹrodia inú Bíbélì, tó gba orí wòlíì nínú àwo, ló wá sí mi lọ́kàn, àmọ́ ìyẹn ò wọ aṣọ ìdáná.

"Ọ̀gbẹ́ni Mounsey, àgbò yín rèé," ó wí. "Àwa la ṣì í pa. Ìyókù wà nínú ààrò."

Àwọn ajá pàápàá ò gbó.

Amos wo etí náà, ó tún un wò. "Ta ló pa á?"

"Èmi ni." Lanty ṣí fìlà. "Ojú mi ló tàn mí. Ẹ wá sínú agbo wa, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

"Amos, tètè gbà," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn. "Tiwọn sanra ju tìẹ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Isaac gbé ọ̀pá sókè. "Òfin ò yí. Èyí tí a bá rí láàyè, a ó fún olóhun láàyè. Èyí tó bá ti kú, ohun tó bá ṣẹ́ kù la ó fún un. Keziah, kí ló ṣẹ́ kù?"

"Ìkòkò mẹ́ta, bàbá. Tòun tànàmọ́."

"Ta ló ni ànàmọ́?"

"Èmi ni. Mo fi ta á lọ́rẹ."

"Amos Mounsey, ṣé tìẹ ni?"

Amos ò tíì fi ohun tó jẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. "Tèmi ni," ó ní.

"Ó dáa. Ẹ̀yin ará, Amos ló ń bọ́ wa lónìí."

Ẹ̀rín tó sọ, bóyá wọ́n gbọ́ ọ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ní ilé Amos, ewé tíì kan náà ni àlejò àárọ̀ àti àlejò alẹ́ ń mu. Wọ́n fà á wọlé, wọ́n fi í jókòó sí ipò iwájú nídìí tábìlì bí ọkọ ìyàwó, wọ́n fún un ní ṣíbí ńlá tí wọ́n fi ń bu ọbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ na àwo, Amos bu ẹran tó tó ìka kan fún un.

"Kí Ọlọ́run bù sí agbo rẹ, Amos," onítọ̀hún wí.

Amos wò ó bóyá yẹ̀yẹ́ ni. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwo kejì pọ̀ díẹ̀. Ti ìkẹta kún. Kò pẹ́ tó fi dìde, ó ń gbé ìkòkò kiri ìdí tábìlì. "O yó kẹ̀? Irọ́ ni, gbé àwo wá. Orí òkè ni mo ti fi koríko àtàtà tọ́ ọ dàgbà o." Keziah dúró ti ògiri, ó gbé àwo kábéèjì pupa dání, ó ń bu ètè jẹ.

Nígbà tó yá, Isaac gbá tábìlì. "Amos, ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì yá. Sọ tẹnu rẹ."

Amos dìde tòun ti ṣíbí lọ́wọ́. "Isaac, ta ló ń bu oúnjẹ níbẹ̀?"

"Ọkùnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun ni. Á gé ẹran pẹlẹbẹ méjì, á fi ewé kan lé e."

"Bí mo bá mú àgbò tèmi lọ ńkọ́?"

"Wọ́n á ní kí o gba ẹ̀yìn ilé."

Amos wo inú ìkòkò, ó ṣẹ́ kù díẹ̀. "Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà," ó ní. "Kí ìpàdé wà níbi tó wà. Àgbò tèmi náà la ó sì jẹ lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá mú un wá, èmi náà ni màá bù ú."

Wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́. Lanty na méjèèjì, Isaac ní kó sọ ọ̀kan kalẹ̀.

Mo bá Keziah ní ìdáná, ó jókòó sórí àpò ànàmọ́.

"O mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyí?" mo bi í.

"Mi ò mọ nǹkan kan. Mo ti ń ro ibi tí a ó gbé àga baba mi sí."

Ilẹ̀kùn ṣí. Amos ló wọlé, àwo méjì tó kún bámúbámú lọ́wọ́ rẹ̀, ṣíbí ńlá lábẹ́ apá. "Ẹ̀yin obìnrin ò tíì jẹun," ó wí. "Ẹ gbà. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, àmọ́ mo gbìyànjú."

Keziah gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì tẹrí ba láti gbàdúrà sí oúnjẹ tóun fúnra rẹ̀ sè. Àdúrà náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ẹ̀rín ò jẹ́ kí èjìká rẹ̀ yéé mì.